Ọ̀yà kì í ṣe ẹran Ọya

Ẹ bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ara orúkọ Ọya, òrìṣà tó ni odò, ni a ti yọ orúkọ ọ̀yà, nítorí pé ẹ̀bá odò ni ẹran náà ń gbé. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò fetí sí ohùn ẹnu ara rẹ̀. Ohùn àárín méjì ló wà lórí Ọya, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí ọ̀yà. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé Ọya fa aṣọ dúdú ya, omi sì ṣàn jáde, ó di odò ńlá, "ya" nìyẹn. Èmi gbà pé "yà", tí à ń sọ bí ènìyàn bá kúrò lójú ọ̀nà lójijì, ló bí ọ̀yà, ẹni tó bá sì ti fi ajá lépa rẹ̀ rí kò ní bá mi jiyàn.

Mo wà ní kékeré nígbà tí mo tẹ̀lé baba mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ, lọ sí àbàtà kan tí eèsún bò. Kí a tó rí ẹran rárá ni a ti ń gbọ́ eyín rẹ̀ tó ń gé eèsún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ajá ti gbó, ọ̀yà náà fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀, ó sá lọ tààrà díẹ̀, ó yà bìrí, ó sì bọ́ sómi. Ajá ṣì ń sáré síwájú. Nígbà tó pẹ́, imú ọ̀yà náà nìkan ni mo rí lábẹ́ ìtàkùn ní òdìkejì. Baba mi kò sọ ju "Ó ti yà" lọ.

Ọ̀yà lè lúwẹ̀ẹ́, ó sì lè mòòkùn. Kì í gbẹ́ ihò jíjìn bí òkété. Inú koríko gíga ló ń sùn sí lọ́sàn-án, tí yóò sì jáde jẹun lóru. Oyún rẹ̀ tó oṣù 5, ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi ń wáyé pẹ̀lú irun lára, tí ojú rẹ̀ sì ti là. Ẹ má sì pè é ní eku ńlá mọ́, òòrẹ̀ ló bá tan jù.



Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa kò mọ ọ̀yà ju ẹran yíyan ẹ̀gbẹ́ títì lọ, "gíráásìkọ́tà" ni wọ́n sì ń pè é, bí ẹni pé gígé koríko nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.