Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi nígbà oyún: ṣé kò ní ba ọkàn ọmọ mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oyún mi wà ní ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tí ìrọbí mú mi láìtọ́jọ́. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ dexamethasone ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọjọ́ kẹta ni mo bímọ. Ọmọ ti pé ọdún 6, ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní sitẹ́rọ́ọ̀dù yẹn máa fa àìsàn ọkàn fún un tó bá dàgbà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá ọmọ. Abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló yẹ kó máa gba oorun lójú yín.

Ẹ̀rù yín kò ṣàdédé wá o. Ibi ọmọ máa ń sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú prednisolone, sitẹ́rọ́ọ̀dù mìíràn, di aláìlágbára kó tó dé ara ọmọ, àmọ́ dexamethasone àti betamethasone, ọmọ ìyá rẹ̀, ń kọjá níbẹ̀. Ìdí tí a fi yàn wọ́n gan-an nìyẹn: kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Lára àgùntàn àti eku, irú oògùn yìí ti mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn ga.

Ti èèyàn wá ńkọ́? Àwọn dókítà méjì, Liggins àti Howie, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní New Zealand lọ́dún 1969, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1972. Wọ́n fún àwọn aboyún kan ní betamethasone. Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn yẹn nínú ni wọ́n fún àwọn yòókù. Wọ́n tún wá àwọn ọmọ náà rí nígbà tí wọ́n pé ọgbọ̀n ọdún, àti nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ àádọ́ta. Àìsàn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn tó gba oògùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyàtọ̀ kan hàn ní ọgbọ̀n ọdún: insulin wọn, èròjà tí ara fi ń ṣàkóso ṣúgà, ga díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n mu omi ṣúgà, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà kò tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin tiyín, ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a kà á sí. Kí wọ́n máa tún un gún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bíbí tí wọ́n bí i láìpé oṣù ni kí ẹ kọjú sí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 ni kíndìnrín, tó wà lára ohun tó ń darí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tó parí kíkọ́ ara rẹ̀ nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́dọọdún, kó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá o: tó bá kéré jù, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá tóbi jù, á wálẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún dókítà tó bá ń tọ́jú rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 30 ni ẹ bí i, torí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí béèrè.