Kí ló dé tí ìyá fi tú gèlè, tó fi gbàjá?

Ìyàwó tuntun kan tó wá sílé ọkọ l'Ẹ̀pẹ́ bi mí pé: "Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà nílé wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dìde, wọ́n tú gèlè, wọ́n fi gbàjá. Ni gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́. Kí ni wọ́n rí tí èmi ò rí?"

Ohun tí wọ́n rí ni pé ìyá ti sọ̀rọ̀ tán. Gèlè tó kúrò lórí tó bọ́ sí ìdí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́, ó ti di àmùrè. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ló kàn, ìjà ni. Ẹ lọ wo àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ níbí. Bí ẹni tó ń ná ọjà bá ń ná ìnákúnàá, ìyá á dìde, á tú ìró rẹ̀, á tún un ró, á sì fún un le. Ó parí: owó ọ̀hún ò ní wálẹ̀ mọ́. Èmi náà ti sanwó lẹ́yìn irú ìró bẹ́ẹ̀ rí, mi ò jiyàn.

Aṣọ kan náà ni o, ibi tí wọ́n bá fi sí ló ń fọhùn. Ìpèlé tí wọ́n ká sí èjìká, ti ẹni tó ti jókòó sáyè rẹ̀ ni, tí kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Bí wọ́n bá fi pọnmọ, ó di ọ̀já. Bí ó bá dé ìdí, ẹ yà lọ́nà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tiwa, àṣẹ gan-an ń gbé èjìká: ibẹ̀ ni àwọn olóyè Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni, ń fi ìtagbè sí, aṣọ híhun tó ní wajawaja létí.

Ti gèlè tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù, pé ó dojú kọ ọ̀tún fún adélébọ̀, òsì fún ọmọge, mi ò tíì rí ìyá àgbà kan níbí tó mọ̀ ọ́n. Ibi tó bá yẹ wọ́n ni wọ́n ń wé e sí.

Ẹ rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti l'Abẹ́òkúta. Ó kàwé dé ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n nígbà tí òun àtàwọn obìnrin ọjà ń bá ìjọba fa owó orí, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ bíi tiwọn. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá tí wọ́n ń bá jà lórí owó orí náà, kúrò lórí oyè. Mi ò sọ pé aṣọ ló lé e o. Àmọ́ ká ní gáùn ló wọ̀ lọ bá ẹlẹ́fọ̀ọ́, mi ò rò pé ìyẹn á tètè tẹ̀ lé e.

Èyí tó wá wúwo jù lọ ni kí àwọn ìyá bọ́ aṣọ. Bí àgbà obìnrin bá fi ìbínú tú ìró sílẹ̀ níta gbangba, èpè ni. Ọmọ kì í wo ìhòhò ìyá. Gèlè ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú lójú ọ̀nà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ilé yín fi pa lọ́lọ́.

Bí ẹ bá tún rí i lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má dúró wòran. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín wé e padà."