Ẹ Bi Àǹtí: Ṣé àga títò náà ni wọ́n ń pè ní lídà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin ti pé 15, mo fi sínú prógíráàmù ọ̀dọ́ àdúgbò torí wọ́n ní àwọn máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ṣe lídà. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, ọmọ ní àga làwọn ń tò, àwọn á jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn á ya fọ́tò, ó parí. Ọmọkùnrin kan tó lẹ́nu ló máa ń gba máìkì ṣáá. Tèmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni? – Ìyá ọmọ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má tíì yọ ọ́ o, àmọ́ ọmọ yín ò parọ́. Lọ́dún 1992 ni ọ̀mọ̀wé kan, Roger Hart, ti kọ ọ̀rọ̀ yìí fún UNICEF, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó ya àkàbà onípele 8 láti fi wo bí àgbà ṣe ń fààyè gba ọmọ tó nínú iṣẹ́ ìlú, ipele 3 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní ìyẹn ò tiẹ̀ ṣeé pè ní ìkópa: kí wọ́n máa ti ọmọ síbi tó wù wọ́n, kí wọ́n fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́, kí wọ́n gbé ọmọ kan síwájú kó lè jọ pé ọmọdé náà lóhùn sí i. Àga, fọ́tò, ọmọ kan ṣoṣo nídìí máìkì, àbí kí ló kù?

Èmi ò rò pé ìjókòó gbọ́rọ̀ lè sọ ọmọ di lídà. Ìgbà tó bá pinnu nǹkan tó kan ẹlòmíì, tí owó wà níbẹ̀, tí ọjọ́ ti wà nílẹ̀, táwọn èèyàn sì ń retí, ìgbà yẹn ló ń kọ́ ọ. Ẹ bi àwọn tó ń darí wọn: kí làwọn ọmọ yìí fúnra wọn pinnu lóṣù tó kọjá? Tí wọ́n bá ní àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, hmm, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tún bi wọ́n.

Ti ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, gúrúùpù kékeré ló ń yanjú ẹ̀. Nígbà tí Baden-Powell, ọ̀gá ológun tó dá Scout sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1907, ibi tí Scout ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ 4 ló pín wọn sí, ọmọ bíi tiwọn ló sì ń darí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ 6 péré, kò síbi téèyàn máa fara pa mọ́ sí, ẹni tó ń jẹ́ olórí lónìí á tún jẹ́ akápò nígbà míì, ẹni tó dákẹ́ yẹn sì lè jẹ́ òun ló mọ ètò ṣe jù.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwa àgbà ò lè dákẹ́. Kí nǹkan ṣáà fẹ́ bàjẹ́ báyìí, a ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Tí kò bá ti sí ewu, tí owó tó máa bá a lọ ò sì pọ̀, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́! Tó bá yá kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ prógíráàmù sì máa ń fò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ bi mí bóyá kẹ́ ẹ yọ ọ́, ṣé ẹ ti bi òun? Ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ tí UN ṣe lọ́dún 1989, abala 12, ní kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ọmọ lórí ohun tó kàn án. Ẹ ní kóun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì kọ iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀, iye tó máa ná wọn, kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn olùdarí fúnra wọn. Ẹ lè sìn wọ́n débẹ̀, ẹ má ṣáà bá wọn sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ ọdún 16 ni mí, wọ́n fi mí ṣe olórí gúrúùpù wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ní mò ń ṣe ọ̀gá. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, iṣẹ́ mélòó lo pín fún wọn láìbi wọ́n? Níbi ìpàdé tó ń bọ̀, ka gbogbo iṣẹ́ síta, kí kálukú mú tiẹ̀, ìwọ ni kó o mú èyí tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́.