Èsì: Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìkókó tó ń yí padà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá ìkókó. Ẹ ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ga nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì wálẹ̀ nígbà kejì. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n wé mọ́ apá rẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó bá kéré jù fún apá ọmọ, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Rọ́bà inú aṣọ náà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń kún, yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí apá náà ká tán. Ẹkún ọmọ ńkọ́? Ọmọ tó ń ké, tó ń ta ẹsẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ á gbéra dandan! Kí wọ́n wé aṣọ náà mọ́ apá ọ̀tún, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 kó sùn, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 2 láàárín. Tó bá ṣì ga, ẹ tètè rí dókítà àwọn ọmọdé.