Ìbéèrè Yín: Ta Ló Borí Nínú Ìtàkùrọ̀sọ Tá A Wò Lórí Tẹlifíṣọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ṣọ́ọ̀bù tá a ti ń wo tẹlifíṣọ̀n ní Sábó, ẹni tá a ní ó ṣe dáadáa lálẹ́ ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje fún ipò ààrẹ kọ́ ni rédíò máa ń yìn láàárọ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn tá a jọ wò ó gan-an á ti yí ohùn padà. Èwo ni ká gbà gbọ́? (Òǹkàwé kan, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ èrò àwọn tó wò ó lẹ fẹ́ mọ̀, ti alẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀rọ̀ àwọn atúpalẹ̀ ti wọ inú ti àárọ̀. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, Gerald Ford tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn pàdé Jimmy Carter tó ń bá a du ipò náà, nínú ìtàkùrọ̀sọ ní San Francisco, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ìjọba Soviet (Rọ́ṣíà àtàwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀) kò jẹ gàba lórí Ìlà Oòrùn Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun Soviet wà ní Poland níbẹ̀, gbogbo ayé mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò tilẹ̀ fura sí gbólóhùn yẹn. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn gbé e kiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú ni èrò yí, tí Carter wá di ẹni tó borí. Àṣìṣe Ford kì í ṣe kékeré, ó sì yẹ kí aráàlú gbọ́ ọ. Àtúpalẹ̀ wúlò gan-an fún mímọ ẹni tó sọ òótọ́. Ohun tí òǹwòran fúnra rẹ̀ rò ni kò lè sọ fún yín.

Ẹ má gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù yín náà ní tirẹ̀ o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo "ó ti pa á!" ló ń fa àwọn tó kù lẹ́yìn, àwọn tí inú wọn kò dùn sí i á kàn dákẹ́.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fẹ́ pe èèyàn 40 jọ láti wo ìtàkùrọ̀sọ, ká sì mọ ohun tí wọ́n rò lóòótọ́. Báwo la ṣe máa ṣe é? (Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ìwé ọmọ iléèwé kan ti tó. Ẹ ya ewé 20, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó di 80. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 40 sára ìlàjì, ẹ tún kọ nọ́ńbà kan náà sára ìlàjì kejì, kẹ́ ẹ wá so nọ́ńbà tó bára mu pọ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú àpò, kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ mú tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo nọ́ńbà tó mú. Ẹ má kọ orúkọ èèyàn kankan sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ gba ìwé àkọ́kọ́: "Tó bá jẹ́ òní ni ìdìbò, ta lẹ máa dìbò fún?" Ẹ fi "mi ò tíì mọ̀" kún un. Ìwé kejì gba ìbéèrè méjì: ta ló ṣe dáadáa jù lálẹ́ yìí, ta lẹ sì máa dìbò fún báyìí? Ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òǹwòran tí CNN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, bi léèrè ní Mitt Romney ló borí Ààrẹ Barack Obama nínú ìtàkùrọ̀sọ. Síbẹ̀, Obama ló wọlé ìbò lóṣù tó tẹ̀ lé e. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ya àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan, kó tẹ̀ka sí èyí tó fẹ́, bí a ṣe ń ṣe níbi ìdìbò gan-an.

Bí atọ́kùn ètò bá ṣe ń kí yín pé ó dàárọ̀, ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n kí àwọn atúpalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ti rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ ṣáájú. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹni tí kò gbọ́ ìdáhùn kan kò lè ṣèdájọ́ rẹ̀.

Níbi kíkà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí èèyàn márùn-ún bá kúrò lẹ́yìn Lágbájá lọ sọ́dọ̀ Tàmẹ̀dò, tí márùn-ún mìíràn sì kúrò lọ́dọ̀ Tàmẹ̀dò wá sọ́dọ̀ Lágbájá, àpapọ̀ kò ní yí padà, ẹ ó sì rò pé kò sẹ́ni tó yí ọkàn padà, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́wàá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìfiwéra, ìwé sí ìwé. Ẹ pe ará Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, apẹja, ìyálọ́jà, tíṣà. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló kún ibẹ̀, èsì yín ti wà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí olùdíje kan bá kọ̀ tí kò wá ńkọ́? (Ìmọ́tà, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 kò fi dandan mú un nígbà yẹn. Ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2019, Buhari kò wá síbi ìtàkùrọ̀sọ. Atiku dé ibẹ̀, ó ní òun kò ṣe torí Buhari kò sí níbẹ̀, ó bá yí padà. Ẹ fi orúkọ ẹni tí kò wá sínú ìbéèrè ìbò, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìbéèrè ta ló ṣe dáadáa jù.

Ìbéèrè: Ìyá wa gbọ́ Ègùn àti Yorùbá, wọn kò gbọ́ òyìnbó. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn. Ṣé èrò tiwọn ni wọ́n ń sọ, àbí tèmi? (Badagry)

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ tiyín, ó sì lè jẹ́ ti ojú nìkan. Richard Nixon ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé nígbà tó pàdé John Kennedy, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, nínú ìtàkùrọ̀sọ orí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960. Ó rù, ara rẹ̀ funfun, ó ń làágùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè, ìyẹn nìkan ló máa rí.

Ẹ má túmọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí olùdíje parí ìdáhùn, kẹ́ ẹ wá sọ ohun mẹ́ta: ìbéèrè tí wọ́n bi í, ohun tó ní òun máa ṣe, iye owó tàbí àkókò tó dá. Bí kò bá dá iye kankan, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Tí ẹnì kan bá wà nílé tó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, kẹ́ ẹ jọ máa túmọ̀ ní ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Ìyá kọ́kọ́ sọ tiwọn kẹ́ ẹ tó sọ tiyín.