Orin M4A tí mo rà kò dún nínú rédíò ọkọ̀

Ìbéèrè: Mo ra orin dadakúàdà mélòó kan lórí iTunes. Wọ́n ń dún dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó wọn sórí flash fún rédíò ọkọ̀ tí mo ń gbé lọ sí Ọ̀fà, rédíò ní òun kò rí orin kankan. Mo yí .m4a tó wà nídìí orúkọ wọn sí .mp3, pàbó ló já sí. Ẹnìkan ní Tánkẹ̀ ní kí n sọ gbogbo wọn di WAV kí ohùn wọn lè dára sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá .m4a yẹn padà sí ipò rẹ̀. Orúkọ nìkan lẹ yí, ohun tó wà nínú fáìlì kò yí. AAC, ọ̀nà kan tó ń gé díẹ̀ kúrò nínú ohùn kí fáìlì lè kéré, ni iTunes fi ń di orin tó ń tà sínú M4A, ní 256 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ àtijọ́ kò mọ̀ ju MP3 àti WMA lọ.

Bí ẹ bá rí .m4p, ìyẹn ní àgádágodo, iTunes kò ní gbà kí ẹ yí i padà. Orin tí wọ́n tà ṣáájú 2009 sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ nípa owó oṣooṣù Apple Music náà sì ni.

Lórí Windows, ẹ ṣí iTunes, ẹ lọ sí Edit, Preferences, General, kí ẹ tẹ Import Settings. Ẹ mú MP3 Encoder, lẹ́yìn náà Custom, kí ẹ sì yan 256 kbps. Ẹ tẹ OK títí ẹ ó fi jáde. Ẹ wá yan àwọn orin náà, ẹ lọ sí File, Convert, Create MP3 Version. MP3 tuntun á jáde lọ́tọ̀, M4A yín á ṣì wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa MP3 tí kò parí rẹ́, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ má ṣe lo 128 kbps torí àtifi àyè pamọ́. AAC ti gé díẹ̀ kúrò nínú ohùn, MP3 á tún gé tirẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí rẹ̀: dípò kí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dún ṣáká, ṣáká, á máa ṣe ṣììì bí omi tó ń dà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ sọ MP3 di MP3 mìíràn láéláé. Inú M4A ni kí ẹ ti máa mú un.

Ní ti WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀ rárá, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò ṣe yín níkà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ògì tí a ti sẹ́, èérí rẹ̀ kì í padà sínú rẹ̀. Ohun tí AAC ti gé sọnù, WAV kò lè dá a padà, ìwọ̀n fáìlì nìkan ni yóò wú. Dadakúàdà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jẹ́ bíi 58 MB ní 256 kbps á di nǹkan bíi 317 MB.

Ó tún ku flash fúnra rẹ̀. Ọ̀nà oríṣiríṣi ni a ń gbà to fáìlì sórí flash, Format sì ni iṣẹ́ tó ń yan èyí tí a fẹ́. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kì í ka èyí tó ń jẹ́ NTFS tàbí exFAT, nítorí náà FAT32 ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ lo flash tí kò ju 32 GB lọ, torí Windows kì í sábà fi FAT32 lọni lórí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò ná, torí Format á nù ún nù pátápátá. Bí orúkọ orin bá sì ní àmì ohùn, rédíò lè fi àmì ìbéèrè rọ́pò àwọn lẹ́tà kan. Orin á ṣì dún, ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ orúkọ ẹ̀dà orí flash láìfi àmì sí i.

Bó bá jẹ́ pé Bandcamp lẹ ti máa ra orin lẹ́yìn èyí, FLAC ni kí ẹ gbà sílẹ̀. FLAC kì í gé nǹkan kan kúrò, nítorí náà bí ẹ bá sọ ọ́ di MP3, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gé e. Ti fóònù kò nílò wàhálà yìí: Android ń ka M4A àti FLAC bí wọ́n ṣe wà.