Òfin tuntun Ontario lórí ìkéde iṣẹ́: ẹ tọ́jú ẹ̀rí yín

Arábìnrin wa, ẹ kú àtidé sí Ontario. Ìbéèrè yín ká mi lára gan-an. Ẹ ní ẹ rí ìkéde iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ ìṣirò owó ní Mississauga, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ wá ń béèrè bóyá òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ò ti lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìkéde, àti pé kí lẹ lè ṣe sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin ti kọ̀ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sí lára àwọn tí òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń darí, ohun tí wọ́n kọ yẹn lòdì sófin. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù fún yín. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Òkò ti bà mí rí, mi ò sì fẹ́ kó ba ẹlòmíì bí mo bá lè kìlọ̀ fún un.

Ọdún 2018 ni mo dé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó kí n tó wọ bàálù. Láàárín oṣù méje, mo kọ̀wé síbi tó lé ní igba. Mọ́kànlá ló pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mẹ́sàn-án nínú wọn ò sì padà sọ ohunkóhun fún mi títí dòní olónìí. Mo máa ń jí lóru láti wo ímeèlì. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti obìnrin kan tó yẹ CV mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ó dára gan-an, ó wá ní kí n lọ wá ìrírí díẹ̀ ní Kánádà ná kí n tó padà wá. Mo jókòó sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kí ọkọ̀ méjì kọjá. Níbo ni kí n ti lọ wá a? Ẹni tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún, báwo ló ṣe máa mọ inú ilé? Mo gbà lọ́kàn mi pé èmi ni mi ò kúnjú ìwọ̀n, ó sì pẹ́ kí èrò yẹn tó kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé láti ọdún 2013 ni Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Ontario ti gbé ìlànà jáde pé bíbéèrè ìrírí Kánádà lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ jẹ́ ẹ̀tanú, àfi níbi tí agbanisíṣẹ́ bá ti lè fi hàn pé iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe láìsí i. Ìlànà ti wà fọ́dún márùn-ún kí n tó dé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jáde lójoojúmọ́ nínú ìkéde. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ilé aṣòfin tó wà ní Queen's Park fi òfin gidi tì í lẹ́yìn. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún àwọn agbanisíṣẹ́ láyè títí wọ 2026 kí wọ́n lè tún ilé wọn ṣe. Inú Employment Standards Act, ìyẹn òfin ọdún 2000 tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ní Ontario, ni wọ́n fi í sí.

Yàtọ̀ sí ti ìrírí Kánádà, ìkéde gbọ́dọ̀ sọ bóyá àyè iṣẹ́ náà wà ní tòótọ́ tàbí wọ́n kàn fẹ́ kó orúkọ jọ. Bí wọ́n bá ń fi AI ṣàyẹ̀wò ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ iye owó tí wọ́n máa san, tàbí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àlàfo àárín méjèèjì ò gbọ́dọ̀ ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, àwọn iṣẹ́ tí owó wọn ju 200,000 lọ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ti owó yẹn. Nígbà tí mo ríṣẹ́ níkẹyìn, wọ́n bi mí pé èló ni mo ń retí. Ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má bàa bọ́, mo ní 41,000. Kíá ni wọ́n gbà. Ọdún kejì ni mo tó mọ̀ pé ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, lórí tábìlì kan náà, 54,000 ló ń gbà látìbẹ̀rẹ̀. Owó tí mo pàdánù nìyẹn nítorí pé ojú mi fọ́ sí iye tí iṣẹ́ náà ń mú wá. Lónìí, ẹ ti máa rí i nínú ìkéde kẹ́ ẹ tó lanu.

Èyí tó sún mọ́ mi jù ni ti ọjọ́ 45. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín, tàbí èyí tó kẹ́yìn bó bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ láàárín ọjọ́ 45 bóyá wọ́n ti ṣèpinnu lórí iṣẹ́ náà. Ìpè kúkúrú orí fóònù tí wọ́n fi ń ṣa ènìyàn kí wọ́n tó pè é wá ò sí nínú ẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín látibẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àmì sórí kàlẹ́ńdà. Bí ó bá pé tẹ́ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ ímeèlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ mẹ́nu ba òfin náà. Ọmọ àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, lọ́jọ́ kejì ni èsì dé. Wọn ò gbà á, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tọ́rọ̀ dé, ó sì gbọ́kàn kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí òfin yìí ò dé, torí àwọn èèyàn wa kan ti ń sọ ọ́ bíi pé gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 ò sí lábẹ́ rẹ̀. Báńkì ò sí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ti bàálù, àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ẹkùn kan bọ́ sí òmíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń darí àwọn yẹn. Mo mọ̀ pé báńkì ni ojú púpọ̀ nínú wa ń wò, nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn. Bákan náà, ìkéde àti fọ́ọ̀mù tó bá a rìn ni òfin yìí mú. Bí ẹnì kan bá fẹnu béèrè ìrírí Kánádà nígbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú rẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ máa gbá mú. Ọdún kan péré lẹ ní láti gbé ẹjọ́ lọ sí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Human Rights Legal Support Centre wà tó ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún sọ gẹ́gẹ́ bí àfikún pé ẹ ń ronú àtilọ sọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì kan fún iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Brampton, kí owó ilé lè máa wọlé ná, àti pé wọ́n ní kẹ́ ẹ wá san owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀. Èmi san 300 dọ́là nígbà tèmi. Wọ́n gbé mi lọ síbì kan, mo fi ọjọ́ méjì gbáko gbé páálí, wọ́n ní ìdánwò ni, kò sówó níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Àwọn ọgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ò tíì jinná tí mo ti ń wá owó ilé tí mo fi san ìforúkọsílẹ̀ yẹn.

Òfin ò gba ẹ́jẹ́ńsì tó ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ láyè láti gbowó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Ontario, ẹ yẹ orúkọ wọn wò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ní ti ìdánwò, òfin oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà ló là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ìdánwò, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Owó wákàtí kan tó kéré jù sì ti di dọ́là 17.60 láti oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Mo gbé ẹ̀sùn ẹ́jẹ́ńsì tó gba 300 dọ́là mi, tí wọn ò sì sanwó ọjọ́ méjì yẹn fún mi, lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo pàdánù. Kì í ṣe pé òfin ò sí lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Orí fóònù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, owó mi ni mo kà sí wọn lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì, mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún mi ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn ju orúkọ ìnagijẹ lọ. Àwọn náà ní àwọn ò mọ̀ mí rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbọ́ ẹjọ́ náà ṣàánú mi, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, àmọ́ àánú ò lè dípò ìwé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́jú gbogbo nǹkan: ìkéde, ímeèlì, àtẹ̀jíṣẹ́, wákàtí tí mo wọlé àti èyí tí mo jáde. Ọdún méjì ni òfin fún yín láti gbé ẹ̀sùn owó iṣẹ́ wá, wọn kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹjọ́ sùn.

Ọ̀kan sí i, bẹ́ ẹ bá ti ríṣẹ́: láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọn ò gbọ́dọ̀ fipá béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ yín fún ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi àìsàn tí òfin fún òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Kò sówó fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ò ní bọ́ nítorí wọn.

Ní ti ìkéde tẹ́ ẹ rí, bó bá ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí i ní báyìí. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àdírẹ́sì ojú ewé náà àti ọjọ́ hàn níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìkéde wọn fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé fún iṣẹ́ náà bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ kọ ìrírí ọdún yín gbogbo sínú CV bó ṣe wà, láìgé e kúrú. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn, orí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ náà ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà. Ẹ fi CV yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ráyè, màá bá yín kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.